Omi inú ara ẹṣin: bí a ṣe ń wọn ohun tí ojú kò rí

Bí ọdún Gaani bá dé, àwọn ẹlẹ́ṣin Baatonu a máa péjọ sí ìlú Nikki, ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè wa. Wọn a fi aṣọ aláràbarà bo ẹṣin, wọn a ṣe orí rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, wọn a sì sáré níwájú ọba àti ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. Ojú gbogbo ayé a máa wà lára gàárì, lára ìjánu àti lára ẹni tí ó gun ẹṣin. Ohun tí ó gbé ẹṣin náà ró, tí ó jẹ́ kí ó lè sáré, kò hàn sí ẹnikẹ́ni. Ohun náà ni omi.

Ẹṣin tí ó wọn 300 kílò ní omi tí ó tó 180 sí 200 lítà nínú ara. Ẹ to bídọ̀n olómi 20 lítà mẹ́wàá sí ẹ̀bá ògiri kí ẹ wò ó: ìwọ̀n omi tí ẹṣin kan ń gbé kiri nìyẹn. Bí 15 lítà bá jáde nínú omi yìí tí kò sì padà, agbára ẹṣin yóò dín. Bí ó bá tó 30 lítà, ẹṣin náà ti wà nínú ewu ńlá. Bí ó bá sì kọjá 36 lítà, ó ti dé bèbè ikú.

Ẹṣin kò ní ẹnu tí yóò fi sọ fún olówó rẹ̀ pé, “Omi ara mi ti dín.” Ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ ni yóò wá a rí. Ọ̀nà wo ni a fi ń wá a rí? Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí nìyí.

Ibi tí omi wà nínú ara

Omi kò dúró sí ojú kan ṣoṣo. Bí a bá pín omi ara ẹṣin sí ọ̀nà mẹ́ta, ìpín méjì wà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì, èyíinì ni àwọn hóró kéékèèké tí ojú lásán kò rí, tí gbogbo ẹran ara fi dúró. Ìpín kẹta wà ní ìta àwọn hóró wọ̀nyí: nínú ẹ̀jẹ̀, láàárín ẹran àti awọ, àti nínú ìfun.

Ẹ̀jẹ̀ ẹṣin 300 kílò kò ju nǹkan bí 24 lítà lọ. Ó kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ 200 lítà. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé oúnjẹ àti atẹ́gùn káàkiri ara, òun náà ni ó sì ń gbé ooru láti inú iṣan wá sí awọ kí ó lè jáde. Bí omi ẹ̀jẹ̀ bá dín, ọkàn ẹṣin ní láti lù kíákíá kí ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́kù lè dé ibi gbogbo.

Ìfun ńlá ẹṣin náà ní iṣẹ́ pàtàkì. Ó dà bí àmù omi tí a gbé sí ẹ̀yìnkùlé de ọjọ́ ọ̀gbẹlẹ̀. Koríko tí ẹṣin jẹ a máa di ọ̀pọ̀lọpọ̀ lítà omi mú síbẹ̀. Nígbà tí ẹṣin bá ń rin ìrìn àjò jíjìn, ara rẹ̀ a máa bu omi díẹ̀díẹ̀ láti inú àmù yìí. Nítorí náà, koríko tí ẹṣin jẹ ṣáájú ìrìn àjò kì í ṣe oúnjẹ lásán, ìpèsè omi ni pẹ̀lú.

Ìwọlé àti ìjáde

Ọ̀rọ̀ omi ara dà bí ìṣirò ìyá ọlọ́jà. Ohun tí ó wọlé wà ní apá kan, ohun tí ó jáde wà ní apá kejì. Bí apá méjèèjì bá dọ́gba, ọjà dúró dáadáa. Bí ìjáde bá ń ju ìwọlé lọ lójoojúmọ́, gbèsè ti dé.

Ọ̀nà mẹ́ta ni omi ń gbà wọ inú ara ẹṣin. Èkíní ni omi tí ó mu. Èkejì ni omi tí ó wà nínú oúnjẹ rẹ̀. Koríko tútù kún fún omi: nínú 100 kílò rẹ̀, omi lè tó 70 sí 80 kílò. Koríko gbígbẹ kò ní ju nǹkan bí 10 sí 15 kílò lọ. Ẹ̀kẹta ni omi díẹ̀ tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe nígbà tí ó bá ń lo oúnjẹ.

Ọ̀nà mẹ́rin ni omi ń gbà jáde: ìtọ̀, ìgbẹ́, òógùn àti èémí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìtọ̀ ni ó ń kó omi jáde jù lọ. Lára ẹṣin tí ń jẹ koríko gbígbẹ, omi tí ó bá ìgbẹ́ jáde sábà máa ń ju ti ìtọ̀ lọ. Nítorí náà, bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ẹṣin, gbèsè omi rẹ̀ a máa ga kíákíá.

Ẹṣin tí ó wọn 300 kílò, tí kò ṣe iṣẹ́, tí ooru kò sì mú púpọ̀, a máa mu nǹkan bí 15 lítà omi lójúmọ́. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn, ó lè fẹ́ ìlọ́po méjì tàbí ìlọ́po mẹ́ta èyí. Ẹni tí ó ń gbé bídọ̀n kan ṣoṣo fún ẹṣin rẹ̀ lójúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹṣin náà sì ń jẹ koríko gbígbẹ, tí ó tún ń sáré, ó ń ṣe ìṣirò tí kò lè bára dọ́gba.

Òógùn tí ń tan ẹṣin jẹ

Ẹranko tí ń làágùn bí ẹṣin kò pọ̀. Bí iṣẹ́ bá le, tí ooru sì mú, òógùn tí yóò jáde lára ẹṣin ńlá láàárín wákàtí kan lè tó 10 sí 15 lítà. Ìfóòfó funfun tí a máa ń rí ní abẹ́ gàárì àti láàárín itan rẹ̀ wá láti inú èròjà kan tí ó wà nínú òógùn náà. Èròjà yìí a máa ṣe bí ọṣẹ, kí òógùn lè tàn káàkiri irun, kí afẹ́fẹ́ sì lè gbé e. Òógùn tí afẹ́fẹ́ gbé ni ó ń mú ara tutù. Èyí tí ó kán sílẹ̀ kò ṣe ara láǹfààní, ó kàn sọnù ni.

Ibí yìí ni ẹlẹ́ṣin ti ní láti ṣọ́ra. Ní àkókò ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, òógùn a máa gbẹ kí ojú tó rí i. Ẹlẹ́ṣin yóò fọwọ́ kan ara ẹṣin, yóò bá a ní gbígbẹ, yóò sì rò pé kò làágùn. Bí ó bá wò ó dáadáa, yóò rí iyọ̀ funfun lórí irun. Iyọ̀ yẹn ni ẹlẹ́rìí pé omi ti lọ.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ènìyàn bá làágùn, omi ń jáde ju iyọ̀ lọ. Iyọ̀ tí ó kù yóò mú kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ níyọ̀ sí i, òùngbẹ yóò sì gbẹ ẹ́. Òógùn ẹṣin kò rí bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ inú rẹ̀ tó ti inú ẹ̀jẹ̀, ó tilẹ̀ lè jù ú lọ. Omi àti iyọ̀ jọ ń jáde ni. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ kò níyọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọpọlọ kò sì tètè gbọ́ ìròyìn òùngbẹ. Ẹṣin tí ó ti pàdánù 15 lítà lè dúró ti odò kí ó má mu. Ẹni tí kò mọ ìdí yóò ní, “Òùngbẹ kò gbẹ ẹ́, ara rẹ̀ le.” Irọ́ ni ara ń pa fún un. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ fi mímu omi nìkan díwọ̀n. A ní láti wá òṣùwọ̀n mìíràn.

Ìkòkò aró àti omi wúwo

Báwo ni àwọn onímọ̀ ṣe mọ̀ pé 200 lítà omi wà nínú ẹṣin? A kò lè tú omi inú ara jáde sínú garawa kí a wọ̀n ọ́n. Ọgbọ́n tí wọ́n dá kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ aláró.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìkòkò ńlá kan wà tí a kò mọ ìwọ̀n omi inú rẹ̀. A bu ìwọ̀n aró kan tí a mọ̀ sínú rẹ̀, a sì rò ó títí ó fi dọ́gba. Bí omi inú ìkòkò bá kéré, àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣú. Bí omi bá pọ̀, àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣì. Nítorí náà, ife kan ṣoṣo tí a bá bù jáde lè sọ ìwọ̀n omi gbogbo ìkòkò fún wa.

Ẹ jẹ́ kí a fi iyọ̀ ṣe ìṣirò náà. A da 20 gíráàmù iyọ̀ sínú ìkòkò. Nígbà tí ó yọ́ tán, a bu lítà kan, a sì bá 2 gíráàmù iyọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi 2 pín 20, ẹ ó rí 10. Lítà mẹ́wàá omi ni ó wà nínú ìkòkò náà.

Ohun tí a ń lò lára ẹ̀dá alààyè gbọ́dọ̀ bá gbogbo omi ara dàpọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ pa ẹ̀dá náà lára. Iyọ̀ kò dára fún un, nítorí kì í wọ inú sẹ́ẹ̀lì dáadáa. Ohun tí ó bá a mu jù ni omi fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n omi tí a lè dá mọ̀. Omi yìí ni a ń pè ní omi wúwo. Nínú rẹ̀, irú háídírójìn kan wà tí ó wúwo ju ti omi lásán lọ. Harold Urey, ará Amẹ́ríkà, ni ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1934 nítorí pé ó ṣàwárí háídírójìn wúwo yìí. Ní ọdún 1934 yìí kan náà, George de Hevesy, ọmọ ilẹ̀ Hungary, pẹ̀lú Hofer tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, lo omi wúwo láti mọ ìwọ̀n omi inú ara ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni àwọn dókítà ẹran lo ọgbọ́n kan náà fún ẹṣin.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ẹṣin, nítorí pé omi wúwo díẹ̀ ti wà nínú gbogbo omi ayé. Wọ́n á wá fún un ní ìwọ̀n omi wúwo tí wọ́n mọ̀. Wọ́n á dúró fún wákàtí mélòó kan, kí ó lè dàpọ̀ mọ́ gbogbo omi ara, títí kan omi inú ìfun tí kì í tètè dàpọ̀. Wọ́n á tún gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé wọ́n fún ẹṣin ní 40 gíráàmù. Bí wọ́n bá rí i pé lítà márùn-ún omi ara ni ó wá ní gíráàmù kan, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: 40 lọ́nà 5 jẹ́ 200. Omi ara ẹṣin náà tó 200 lítà.

Ọ̀nà yìí dára, ó sì péye, ṣùgbọ́n ó gba àkókò, ó sì nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Iṣẹ́ inú yàrá ìwádìí ni. Ọ̀nà mìíràn ni láti fi iná mànàmáná díẹ̀ tí kò lè dun ẹṣin kọjá nínú ara rẹ̀. Omi tí ó ní iyọ̀ a máa jẹ́ kí iná kọjá wẹ́rẹ́, ọ̀rá kì í jẹ́ kí ó kọjá bẹ́ẹ̀. Láti inú bí iná ṣe kọjá ni wọ́n ti ń ṣírò ìwọ̀n omi. Ó yá ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ ìdúró ẹṣin àti òógùn ara rẹ̀ lè ba ìṣirò náà jẹ́.

Ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń sọ

Dókítà ẹran tí ó ń tọ́jú ẹṣin aláìsàn kò ní ráyè lo omi wúwo. Ẹ̀jẹ̀ ni ó máa ń yẹ̀ wò. Bí a bá fi ẹ̀jẹ̀ sínú ọ̀pá gíláàsì tínrín, tí ẹ̀rọ sì yí i kíákíá, apá pupa yóò rì sí ìsàlẹ̀, apá olómi yóò wà lókè. Lára ọ̀pọ̀ ẹṣin tí ara rẹ̀ le, apá pupa wà láàárín 32 sí 45 nínú 100. Bí omi ara bá dín, apá pupa yóò ga sí i, bí ọbẹ̀ tí ó pẹ́ lórí iná ṣe ń ki.

Ṣùgbọ́n ẹṣin ní àṣírí kan. Ẹ̀yà ara kan wà nínú ikùn rẹ̀ tí ó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ pupa pamọ́. Bí ẹ̀rù bá bà á, tàbí bí ó bá sáré, ẹ̀yà ara yìí yóò fún ara rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ pupa yóò sì tú jáde. Apá pupa yóò ga láìjẹ́ pé omi dín. Nítorí náà, dókítà tí ó mọṣẹ́ kì í gba ẹ̀rí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo. Ó tún máa ń wọn èròjà amáradàgbà tí ó wà nínú apá olómi. Iye rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 60 sí 75 gíráàmù nínú lítà kan. Bí iye méjèèjì bá jọ ga, omi ni ó dín.

Òṣùwọ̀n ní ìlú Atlanta

Fún ẹṣin tí ń sáré, ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni òṣùwọ̀n ìwúwo. Lítà omi kan wọn kílò kan. Bí ẹṣin bá wọn 300 kílò ní òwúrọ̀, tí ó sì wọn 288 kílò nígbà tí ó ti ọ̀nà dé ní ọ̀sán, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú kílò 12 tí ó lọ jẹ́ omi. Ọ̀rá kì í yọ́ tó bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan. Ẹ fi 300 pín 12, ẹ sì fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀: ẹ ó rí 4. Ẹṣin náà ti pàdánù 4 nínú 100 ìwúwo rẹ̀.

Ìwádìí irú èyí gbòòrò ṣáájú Ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1996 ní ìlú Atlanta, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní Barcelona, ní ọdún 1992, ooru ti mú àwọn ẹṣin gan-an. Atlanta gbóná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì kún fún ọ̀rinrin bíi ti Porto-Novo wa. Nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, òógùn kì í gbẹ wẹ́rẹ́, ẹṣin a sì máa làágùn lásán. Àwọn onímọ̀ wọn ooru àti ọ̀rinrin papọ̀, wọ́n sì wọn ohun tí ẹṣin ń pàdánù. Látàrí ìwádìí wọn, a dín ọ̀nà eré kù, a fi ìsinmi kún un, a gbé àwọn fáànù ńlá tí ń fẹ́ ìkùukùu omi síbẹ̀, a sì ń da omi tútù lé àwọn ẹṣin lára. Àwọn ẹṣin dé síbẹ̀ ṣáájú àkókò kí ara wọn lè mọ ooru ibẹ̀ lára. Ohun tí a wọ̀n ni ó jẹ́ kí a lè dáàbò bo ẹṣin.

Àjọ tí ń ṣe àkóso ìdíje ẹṣin lágbàáyé, Fédération Équestre Internationale, ní òfin fún eré ọ̀nà jíjìn tí ó lè tó 160 kìlómítà. Ní ibi ìsinmi kọ̀ọ̀kan, àwọn dókítà ẹran a máa ka ìlù ọkàn ẹṣin, wọn a fa awọ rẹ̀, wọn a wo erìgì rẹ̀, wọn a sì gbọ́ ohùn inú rẹ̀. Iye tí wọ́n sábà máa ń fi ṣe ààlà fún ìlù ọkàn lẹ́yìn ìsinmi ni 64 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹṣin tí ọkàn rẹ̀ kò bá rọlẹ̀ lákòókò kò ní tẹ̀ síwájú, bí ó ti wù kí olówó rẹ̀ bínú tó.

Ohun tí ọwọ́ àti ojú lè wọ̀n

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹṣin, tàbí tí ọmọ yín ń tọ́jú ẹṣin ẹlòmíràn, ẹ kò nílò yàrá ìwádìí kí ẹ tó lè mọ̀ pé ewu wà. Ohun márùn-ún ni kí ẹ máa yẹ̀ wò.

Èkíní, awọ. Ẹ fi ìka méjì fa awọ ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn tàbí ní iwájú èjìká, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí ó padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì. Bí ó bá dúró bí òkè kékeré, omi ti dín. Awọ ẹṣin tí ó dàgbà tàbí tí ó rù kì í tètè padà, nítorí náà ẹ máa fa ibì kan náà nígbà gbogbo, kí ẹ sì mọ bí ó ṣe rí nígbà tí ara ẹṣin náà le. Fífa awọ yìí kò ṣàjèjì: àwọn òṣìṣẹ́ ìlera a máa fa awọ ikùn ọmọdé tí ìgbẹ́ gbuuru mú, fún ìdí kan náà.

Èkejì, erìgì. Ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè. Ó yẹ kí erìgì tutù, kí ó sì pọ́n díẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi funfun, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bí ó bá pẹ́, tàbí bí erìgì bá gbẹ tí ó sì ṣú, ẹ pe dókítà ẹran.

Ẹ̀kẹta, ìlù ọkàn. Ẹ fi ọwọ́ tàbí etí sí ẹ̀yìn ìgbọ̀nwọ́ òsì rẹ̀. Lára ẹṣin tí ń sinmi, ọkàn a máa lù ní ìgbà 28 sí 44 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ti sinmi tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń lù ju 60 lọ, nǹkan kan wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ìgbẹ́ àti ìtọ̀. Ìgbẹ́ tí ó kéré, tí ó le, tí ó sì gbẹ, ń sọ pé ara ń fa omi kúrò nínú ìfun. Bí kò bá yàgbẹ́ mọ́, ìfun lè dí, inú rírun yóò sì tẹ̀lé e. Ìtọ̀ ẹṣin a máa rú nípa ẹ̀dá rẹ̀, nítorí náà kí ìtọ̀ rírú má dẹ́rù bà yín. Èyí tí ó dín púpọ̀, tí ó sì ṣú, ni kí ẹ fiyè sí.

Ẹ̀karùn-ún, ohùn inú. Ẹ fi etí sí ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀. Ikùn tí ara rẹ̀ le a máa kùn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kò dára.

Bí a ṣe lè ṣírò lítà tí ó sọnù

Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n ńlá lè lo mẹ́tà tí àwọn aránṣọ ń lò. Ẹ fi í yí àyà ẹṣin ká, lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, kí ẹ kọ iye náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn gígùn ara rẹ̀ láti ṣóńṣó èjìká dé ṣóńṣó ìdí. Ẹ sọ ayíká àyà di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ sọ èsì náà di púpọ̀ pẹ̀lú gígùn, kí ẹ wá fi 11.880 pín in.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe é. Bí ayíká àyà bá jẹ́ 155 sẹ̀ǹtímítà, tí gígùn sì jẹ́ 148: 155 lọ́nà 155 jẹ́ 24.025. Ìyẹn lọ́nà 148 jẹ́ 3.555.700. Bí a bá fi 11.880 pín in, a ó rí 299. Ẹṣin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wọn 300 kílò.

Ìṣirò yìí kò lè fi omi tí ó sọnù ní òwúrọ̀ kan hàn wá, nítorí okùn kò rí ohun tí ó kéré bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ ìwúwo fún wa, kí a lè mọ lítà tí ẹṣin nílò. Bí awọ bá ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó padà, tí ẹnu sì ń gbẹ, ìpàdánù náà lè tó 5 nínú 100. Fún ẹṣin 300 kílò, 15 lítà nìyẹn. Bí awọ bá dúró fún ìgbà pípẹ́, tí ojú rì, tí ọkàn ń sáré, ó lè tó 10 nínú 100. Ìyẹn jẹ́ 30 lítà, iṣẹ́ dókítà ẹran sì ni.

Dídá omi padà

Àwọn kan gbàgbọ́ pé ẹṣin tí ara rẹ̀ gbóná kò gbọ́dọ̀ mu omi. Ìwádìí kò ti ìgbàgbọ́ yìí lẹ́yìn. Ẹ fún un ní omi bí ó bá ti dúró, kí ẹ jẹ́ kí ó mu, kí ó sinmi, kí ó tún mu. Ẹ da omi tútù lé e lára kí ooru lè jáde.

Ìwádìí kan ní Yunifásítì ìpínlẹ̀ Michigan, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2002, kọ́ wa ní ohun mìíràn. A fún àwọn ẹṣin tí omi ara wọn ti dín ní omi oníyọ̀ kí wọ́n kọ́kọ́ mu. Lẹ́yìn náà ni a fún wọn ní omi lásán. Wọ́n dá èyí tí ó pọ̀ padà nínú ìwúwo wọn ju àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi lásán lọ. Ẹ rántí òógùn tí ń tan ẹṣin jẹ: omi lásán nìkan a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn jù, òùngbẹ a sì lọ kí gbèsè tó tán. Iyọ̀ díẹ̀ kì í jẹ́ kí òùngbẹ tètè lọ. Ìwọ̀n rẹ̀ ni 9 gíráàmù iyọ̀ nínú lítà omi kan, èyíinì ni 90 gíráàmù nínú garawa lítà mẹ́wàá. Ẹ gbé omi lásán sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ó bá kọ̀ oníyọ̀, kí ó mu lásán.

Ẹ má ṣe fi ìgò da omi sí ẹṣin lẹ́nu tipátipá. Omi náà lè gba ọ̀nà èémí lọ, kí ó sì pa á. Ẹṣin kì í sì lè bì, nítorí náà ohun tí ó bá pọ̀ jù nínú ikùn rẹ̀ kò ní ọ̀nà àbájáde. Dókítà ẹran ni ó mọ bí a ṣe ń fi rọ́bà gba imú dé ikùn, òun ni ó sì mọ bí a ṣe ń fi omi sí iṣan ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìwé àjákọ kékeré kan tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ fa ìlà sí i: ọjọ́, iye bídọ̀n tí ẹṣin mu, ìgbẹ́, ìlù ọkàn, bí awọ ṣe padà. Ẹ kọ ọ́ ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ tí ọdún bá ń bọ̀. Bí dókítà ẹran bá dé, kò ní bi yín ní ìbéèrè tí ẹ kò ní lè dáhùn. Yóò ka ohun tí ẹ kọ, yóò sì mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Bí ẹnì kan ní agboolé bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n, tí ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn tí ó kù yóò wò ó kọ́ṣe.